Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ìpàdé Rotary, báwo sì ni akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń rí owó gbà níbẹ̀?

Ẹ ó ti rí i lára omi ẹ̀rọ tàbí lórí pátákó níwájú ilé ìwé: kẹ̀kẹ́ eléyín aláwọ̀ wúrà, pẹ̀lú orúkọ Rotary lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí ló ti gbọ́ pé ẹgbẹ́ náà, tí àwọn oníṣẹ́ oríṣiríṣi fi ń ran ìlú lọ́wọ́, máa ń rán ọmọ lọ sí yunifásítì, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ẹnu ọ̀nà tí èèyàn ń gbà wọlé. Àwọn ìbéèrè tí àwọn òbí àti olùkọ́ sábà máa ń bi mí ni mo kó jọ síbí.

Ṣé kì í ṣe ẹgbẹ́ awo ni?

Rárá o. Mo mọ ibi tí ìfura náà ti wá. Ọmọ ẹgbẹ́ ló máa ń mú èèyàn wọlé, wọ́n ń lu agogo kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, àmì sì wà láyà ẹ̀wù wọn. Nílẹ̀ tí Ògbóni ti wà láti ayébáyé, tí àlùfáà Áńgílíkà kan, T. A. J. Ògúnbíyìí, tún dá Ògbóni ti onígbàgbọ́ sílẹ̀ ní 1914, kò yà mí lẹ́nu pé àwọn èèyàn wa ń bi ara wọn léèrè. Róòmù pàápàá fura sí wọn nígbà kan: ní 1951, wọ́n kà á léèwọ̀ fún àwọn àlùfáà Kátólíìkì láti wọ Rotary. Ṣùgbọ́n nígbà tó di 1979, tí ẹgbẹ́ náà ṣe àpéjọ àgbáyé wọn ní Róòmù, Póòpù John Paul Kejì fúnra rẹ̀ ló bá wọn sọ̀rọ̀.

Àlejò lè jókòó sí ìpàdé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí wọ́n máa ń kà sókè níbẹ̀ ni ìbéèrè mẹ́rin tí Herbert Taylor, oníṣòwò ará Amẹ́ríkà, kọ ní 1932: ṣé òtítọ́ ni, ṣé ó tọ́ fún gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, ṣé yóò mú ìfẹ́ àti ọ̀rẹ́ gbèrú, ṣé yóò ṣe gbogbo wọn láǹfààní? Kò sí ìbúra òru, kò sí ẹ̀jẹ̀.

Ta ló dá a sílẹ̀, irú èèyàn wo ló sì wà níbẹ̀?

Agbẹjọ́rò kan tó ń jẹ́ Paul Harris ló pe ọ̀rẹ́ mẹ́ta jọ ní ìlú Chicago, ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì, 1905. Ọ́fíìsì ara wọn ni wọ́n ń gbà kiri ṣe ìpàdé. Nígbà náà, iṣẹ́ kan, ẹnì kan ni: tí agbẹjọ́rò bá ti wà, wọn á wá oníṣòwò èédú, wọn á wá aránṣọ. Ẹ rò ó bíi régbérégbé àwọn Ìjẹ̀bú tó ń tún ìlú ṣe, àfi pé iṣẹ́ ọwọ́ ló pa àwọn ti Rotary pọ̀, kì í ṣe ọjọ́ orí. Òfin ẹnì kan fún iṣẹ́ kan ti rọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì fẹ́ kí oríṣiríṣi iṣẹ́ wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ọkùnrin nìkan ni wọ́n ń gbà títí di 1987, nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ kan tó ṣí ilẹ̀kùn fún obìnrin níbẹ̀. Ní 1989 ni ẹgbẹ́ yí òfin padà fún gbogbo ayé. Ó tó 2022 kí obìnrin tó di ààrẹ àgbáyé, ìyẹn Jennifer Jones ará Kánádà. Ó pẹ́ jù lójú tèmi.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń pe olùbánisọ̀rọ̀ wá nígbà gbogbo?

Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí. Nínú ìpàdé, wọ́n á kọ orin orílẹ̀-èdè, wọ́n á kí àlejò, wọ́n á kéde ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ìgbéyàwó, wọ́n á gba owó ìtanràn kékeré lọ́wọ́ ẹni tó pẹ́ dé tàbí ẹni tó gbàgbé báàjì sílé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fa ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé àlejò lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ dókítà ojú, ó lè jẹ́ òṣìṣẹ́ báńkì tó fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí owó ìfẹ̀yìntì, ó lè jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Àwọn kan gbà pé ọ̀rọ̀ àlejò yìí wulẹ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n fi ń lo àkókò kí wọ́n tó jẹun. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí etí wọn bá gbọ́ ni owó wọn máa ń tọ̀ lẹ́yìn. Dókítà tàbí lọ́yà tó ń gbé ní GRA kò lè ṣàdédé mọ̀ pé àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé kan ní ìgbèríko máa ń pa ìwé jẹ lóṣooṣù nítorí pé kò sí ilé ìyàgbẹ́. Àfi kí ẹnì kan wá sọ ọ́ fún un, kí ó sọ ọ́ yé e. Òfin ẹgbẹ́ náà pàápàá ti tẹ̀ síbẹ̀: kí wọ́n tó fọwọ́ sí owó ńlá láti òkè fún iṣẹ́ ìlú, ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ti bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n nílò.

Ṣé àpẹẹrẹ kan wà tí gbígbọ́ ohùn ará ìlú ti ṣiṣẹ́?

Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Rotary ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà láti 1979 ní Philippines, wọ́n sì sọ ọ́ di iṣẹ́ gbogbo ayé ní 1985. Ní Nàìjíríà, oògùn wà, owó wà, síbẹ̀ ní 2003 Ìpínlẹ̀ Kánò dá àjẹsára náà dúró nítorí pé àwọn èèyàn ò fọkàn tán an. Ó tó oṣù mélòó kan kí wọ́n tó gbà á padà ní 2004. Láàárín 2003 sí 2004 yìí kan náà ni ọmọ ẹgbẹ́ Rotary ti Kánò, agbẹjọ́rò Jonathan Majiyagbe, jẹ́ ààrẹ Rotary gbogbo àgbáyé, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Ẹ wo irú ìdánwò tó dé bá a nílé ara rẹ̀!

Kì í ṣe pé wọ́n pariwo ju àwọn èèyàn lọ ni ọ̀rọ̀ fi yí padà. Wọ́n tọ àwọn ọba àti àwọn ìmáàmù lọ. Wọ́n gbọ́ ìyá tó ń béèrè pé, “Ẹ̀kán omi méjì lẹ̀ ń gbé wá fọ́mọ mi lójoojúmọ́, omi tá a máa mu ńkọ́?” Rotary gbẹ́ omi ẹ̀rọ sí àwọn abúlé kan ní òkè ọya nítorí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ, 2020, wọ́n kéde pé kòkòrò àrùn náà tó jẹ́ ti àbáláyé kò sí mọ́ ní Áfíríkà. Dókítà ọkàn kan láti ẹgbẹ́ Rotary ní Lẹ́kí, Túnjí Fúnṣọ́, ló ṣáájú ìgbìmọ̀ Rotary lórí ọ̀rọ̀ náà ní Nàìjíríà, ìwé ìròyìn TIME sì kà á mọ́ ọgọ́rùn-ún èèyàn tó lẹ́nu jù láyé lọ́dún yẹn.

Ṣé èmi tí mi ò jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ lè lọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ kọ lẹ́tà sí akọ̀wé ẹgbẹ́ tó wà nítòsí yín, ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe àti ohun tí ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ má lọ tọrọ. Ẹ lọ ṣàlàyé. Ẹ sọ iye ọmọ tó wà ní kíláàsì, ẹ sọ bí odò ṣe jìnnà tó, ẹ sọ ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ti dáwó ṣe, ẹ sì dárúkọ ẹni tí yóò máa tún ẹ̀rọ ṣe tó bá bàjẹ́. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ṣe pàtàkì, nítorí omi ẹ̀rọ tó ti dákẹ́ lẹ́yìn ọdún kan pọ̀ káàkiri ìlú wa, àwọn ẹgbẹ́ náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ìbéèrè.

Níbo ni owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ ti ń wá?

Oríṣi méjì ni. Àkọ́kọ́ ni owó tí ẹgbẹ́ ìlú kan dá láàárín ara wọn; òun ni wọ́n sábà fi ń san owó WAEC, owó ilé ìwé, tàbí kí wọ́n fi ra ìwé.

Èkejì ń gba ọwọ́ The Rotary Foundation, ìyẹn àjọ tó ń mójú tó owó ìrànwọ́ Rotary lágbàáyé. Arch Klumph, ààrẹ Rotary nígbà náà, ló dá a lábàá ní 1917, owó àkọ́kọ́ tó sì wọlé jẹ́ dọ́là 26 àti sẹ́ǹtì 50. Nígbà tí Paul Harris kú ní oṣù Kìíní 1947, owó ya wọlé ní ìrántí rẹ̀, wọ́n sì fi rán akẹ́kọ̀ọ́ 18 lọ kàwé nílẹ̀ òkèèrè lọ́dún náà. Lónìí, nǹkan bí ìdajì owó tí ẹgbẹ́ ń dá sínú àpò ọdọọdún máa ń padà sí agbègbè wọn, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ìlú mélòó kan tó wà pọ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Agbègbè lè fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣe sikọ́láṣíìpù kékeré bó ṣe wù wọ́n.

Ti ńlá, tí wọ́n ń pè ní Global Grant, ní ìlànà tó le. Ó kéré tán, dọ́là 30,000 ni ètò náà gbọ́dọ̀ jẹ́. Oyè kejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Yunifásítì gbọ́dọ̀ ti gba ọmọ náà. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ọ̀kan mu nínú ohun méje tí Rotary dojú kọ: àlàáfíà, àrùn, omi àti ìmọ́tótó, ìlera ìyá àtọmọ, ẹ̀kọ́, ọrọ̀ ajé ìlú, àti àyíká. Rotary ilé àti Rotary ibi tó ń lọ ní láti jọ gbà á. Ìdí nìyí tí lẹ́tà tí ọmọ kọ tààrà sí Amẹ́ríkà fi ń já sófo: láti ẹgbẹ́ ìlú ni ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀.

Ètò mìíràn tún wà fún àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ àlàáfíà. Yunifásítì Makerere ní Kampala wà lára ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà.

Ṣé kì í ṣe ọmọ àwọn olówó inú ẹgbẹ́ ni wọ́n ń fún?

Ní ti Foundation, òfin kọ̀ ọ́. Ọmọ ẹgbẹ́, ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀, ọmọ-ọmọ rẹ̀, òbí rẹ̀, kò sí èyí tó lè gba sikọ́láṣíìpù náà. Ọmọ tí kò ní èèyàn níbẹ̀ ló wà fún.

Ẹnì kan ní kí n san owó fọ́ọ̀mù Rotary. Ṣé kí n san án?

Ẹ má san kọ́bọ̀. Rotary Foundation kì í gba owó lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Ọmọ mi ṣì wà ní girama. Kí ló wà fún un?

Interact, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́langba tó bẹ̀rẹ̀ ní 1962. Tó bá wọ yunifásítì, Rotaract wà níbẹ̀. Kò sí owó ńlá nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n ọmọ náà á ti máa ṣètò ìpàdé, á máa kọ ìròyìn ẹgbẹ́, àwọn àgbà ẹgbẹ́ á sì ti mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó béèrè ohunkóhun. Ẹ jẹ́ kí ó tún máa ka ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ìlú yín. Ìkéde sikọ́láṣíìpù máa ń wà láàárín àwọn fọ́tò àti ìkíni ọjọ́ ìbí, ẹni tí kò bá kà á dé ìsàlẹ̀ kì í rí i.

Ìgbà wo ló dáa jù láti lọ bá wọn?

Ọjọ́ kìíní oṣù Keje ni ọdún Rotary bẹ̀rẹ̀, ọdún kan ni ààrẹ ẹgbẹ́ sì sábà máa ń lò. Wọ́n ti máa ń mọ ẹni tó ń bọ̀ tipẹ́tipẹ́, òun náà á sì ti máa to iṣẹ́ ọdún rẹ̀ sílẹ̀ kí agogo tó bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni kí ẹ béèrè fún. Tí ẹ bá lọ láàárín oṣù Kejì sí oṣù Kárùn-ún, ìwé rẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀. Tí ẹ bá dúró di oṣù Kẹsàn-án, ó ṣeé ṣe kí ó ti pín owó tán.