Ẹja tó yọ lójijì nínú adágún: ṣé òjò ló kó o wá?

Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa ní Lugbe, l'Ábújá, gbẹ́ adágún kékeré síwájú ilé wọn, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, wọ́n da ojúoró sójú rẹ̀. Wọn ò ra ẹja kankan sí i. Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù keje, lẹ́yìn òjò àmọ́júmọ́, wọ́n pè mí: "Àbúrò, sáré wá!" Àrọ̀ kan tó gùn tó apá mi ló ń fi irùngbọ̀n kan ara ògiri, àwọn ọmọ ẹja bíi abẹ́rẹ́ sì ń sá wọ abẹ́ ojúoró. Ẹ̀gbọ́n ní òjò ló kó wọn bọ̀ láti òkè. Ìyàwó wọn ní rárá o, lékelèke ló fẹsẹ̀ gbé ẹyin wọn wá.

Òjò kọ́. Bó bá jẹ́ láti òkè ni, a ì bá rí ẹja lórí páànù, a ì bá rí i lórí mọ́tò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún. Òjò wo ló mọ ojúlé Ẹ̀gbọ́n nìkan?

Àrọ̀ yẹn rìn wá ni. Yàtọ̀ sí ohun tó fi ń mí nínú omi, ó ní ẹ̀yà kan nínú orí tó fi ń mí sínú afẹ́fẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń jà nínú abọ́ ẹlẹ́ja lọ́jà láìsí omi tó kún un. Bí ilẹ̀ bá tutù lóru, á fi ẹ̀gún ìhà rẹ̀ méjèèjì ti ara rẹ̀, á máa yí bí ejò. Ilé kẹta sí ti Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń sin àrọ̀ nínú táǹkì. A tẹ̀lé gọ́tà wọn: omi ti kún bò ó dé etí adágún.

Ti àwọn ọmọ ẹja yàtọ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé ojúoró ní í lékè omi, a kì í wo gbòǹgbò rẹ̀. Ọwọ́ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ni Ẹ̀gbọ́n ti rà á, odò ni wọ́n sì ti bù ú. Ẹyin ẹja púpọ̀ a máa lẹ̀ mọ́ ewé àti gbòǹgbò. Ti àrọ̀ kì í ju bí ọjọ́ kan àbọ̀ lọ tó fi ń pa nínú omi tó lọ́wọ́ọ́rọ́.

Ẹsẹ̀ lékelèke ńkọ́? Ẹyin á ti gbẹ lójú ọ̀nà. Ikùn ẹyẹ ni mo lè gbà díẹ̀: lọ́dún 2020, àwọn onímọ̀ ní Hungary fún pẹ́pẹ́yẹ mẹ́jọ ní ẹyin ẹja 8,000 jẹ. Méjìdínlógún péré ló bá ìgbẹ́ wọn jáde láìfọ́, mẹ́ta ló sì pa.

Máígádì, ọmọ Sókótó, ní tirẹ̀ ní ẹrẹ̀ ló bí wọn, nítorí nílé àwọn, wọ́n ń hú gaiwa, irú ẹja kan, láti inú ilẹ̀ gbígbẹ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Kò parọ́ o. Gaiwa ní ẹ̀dọ̀fóró. Bí omi bá ti ń gbẹ, á wọnú ẹrẹ̀, á fi ikun ara rẹ̀ ṣe àpò bora, á sùn títí omi á fi padà dé. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ò bí i, ó sá pamọ́ síbẹ̀ ni. Sìmẹ́ǹtì Ẹ̀gbọ́n kò sì ní ẹrẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè sá sí.

Ẹ̀gbọ́n ti fi àwọ̀n dí ojú gọ́tà. Àrọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀, ó ti ń sanra. Àwọn ọmọ ẹja abẹ́ ojúoró ń dín kù lójoojúmọ́.