Ìpàdé tí dọ́kítà ń tilẹ̀kùn ṣe: ẹ jẹ́ ká là á yé ara wa

Fọ́ìsì nóòtù kan ń káàkiri WhatsApp, obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ní àwọn dọ́kítà Amẹ́ríkà máa ń tilẹ̀kùn mọ́rí jíròrò aláìsàn tí wọ́n bá ṣe léṣe, òfin ò sì jẹ́ kí kóòtù gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ìbéèrè yín ti pọ̀ jù, mo ní kí n kúkú kó wọn pọ̀ dáhùn.

Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni o. M&M ni wọ́n ń pè é, ìyẹn "morbidity and mortality": ìpàdé lórí ìpalára àti ikú aláìsàn.

Ta ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?

Oníṣẹ́ abẹ kan ní Boston, Ernest Codman, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ pariwo ẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ aláìsàn kọ̀ọ̀kan títí wọ́n á fi mọ̀ bóyá ara ẹ̀ yá, tí ò bá yá, kí wọ́n wádìí ìdí ẹ̀. Àwọn ọ̀gá ò fẹ́ gbọ́. Ó dá ọsibítù kékeré tiẹ̀ sílẹ̀ ní 1911, nígbà tó fi máa di 1916, nínú aláìsàn 337, ó ti ka àṣìṣe 123 sílẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde fáráyé rí. Ẹ fojú inú wo dọ́kítà àdúgbò yín tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọsibítù tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn láti tún rìn ńkọ́, ta ló ń kú níbẹ̀ tí wọ́n á fi máa ṣèpàdé?

Ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ jà, ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, ẹni tó fara pa lọ́pá ẹ̀yìn, wọ́n wá kí wọ́n lè rí ara lò padà ni, ikú ò wọ́pọ̀ níbẹ̀. Tó bá jẹ́ òkú nìkan ni wọ́n ń kà, wọ́n á kàn jókòó máa jẹ mítípáì ni. Nítorí ẹ̀ ni dọ́kítà tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí ṣe gbọ́dọ̀ kó nǹkan mìíràn wá: ẹni tó ṣubú níbi tó ti ń ti bẹ́ẹ̀dì bọ́ sórí wíìṣíà, egbò tó yọ sí ìdí ẹni tó dùbúlẹ̀ sójú kan, ẹni tí wọ́n sáré gbé padà sí wọ́ọ̀dù pàjáwìrì lóru.

Ká ní ọkùnrin kan fara pa lọ́pá ẹ̀yìn, lókè níbi ọrùn. BP irú wọn sábà máa ń wálẹ̀, ká sọ pé nọ́ńbà òkè tiẹ̀ kì í ju 95 lọ. Aago méjì òru, orí ń fọ́ ọ, òógùn bo ojú ẹ̀, nọ́ọ̀sì wọn BP, ó jẹ́ 138. Dọ́kítà tó ń kọ́ṣẹ́ ní 138 ò burú, ó fún un ní Panadol. Bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin yẹn, iná ti ń jó! Rọ́bà ìtọ̀ ló ká sábẹ́ itan ẹ̀, ìtọ̀ ò rọ́nà jáde, BP ń gun òkè, iṣan ọpọlọ lè bẹ́.

Ta ni wọ́n wá ń dá lẹ́bi?

Tí wọ́n bá ń ṣe é dáadáa, kò sẹ́ni. Ohun tí wọ́n á bèèrè ni pé kí ló dé tí iye tí BP ẹ̀ máa ń jẹ́ ò sí níbi tí ẹni tó wà lóru lè rí i, ta ló sì yẹ kó wo rọ́bà lẹ́yìn tí wọ́n yí i padà. Wọ́n á wá lẹ páálí sórí bẹ́ẹ̀dì, lẹ́yìn oṣù mélòó kan wọ́n á padà wá wò ó bóyá ẹnikẹ́ni ń kà á, apá yìí ni wọ́n sábà ń gbàgbé. Níbi tí ọ̀gá bá ti sọ ìpàdé di kóòtù, ọmọ iṣẹ́ tó kàn á rọra fi tiẹ̀ pamọ́.

Òfin ńkọ́?

Ní Amẹ́ríkà, òfin ìpínlẹ̀ wọn, àti tìjọba àpapọ̀ ti 2005, ń dáàbò bo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kẹ́rù má bàa pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Àmọ́ fáìlì aláìsàn fúnra ẹ̀ ò sí lábẹ́ ẹ̀, wọ́n lè gbà á, wọ́n sì lè pẹjọ́. Èyí tí fọ́ìsì nóòtù yẹn ò sọ nìyẹn.

Ṣé wọ́n ń ṣe é ní Nàìjíríà?

Àwọn ọsibítù yunifásítì wa ń ṣe é, pàápàá lórí ẹni tó bá kú. Èmi ì bá fẹ́ kí wọ́n máa ṣe é lórí ẹni tó kàn ṣubú náà.

Èèyàn mi wà ní wọ́ọ̀dù, kí ni kí n ṣe?

Ẹ bèèrè iye tí BP ẹ̀ máa ń jẹ́, ẹ kọ ọ́ síbi tójú ń tó. Tó bá jẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn ló fi ṣèṣe, tí orí ṣàdédé ń fọ́ ọ, ẹ gbé e jókòó, ẹ má dá a dùbúlẹ̀, ẹ tú bẹ́líìtì, ẹ wo rọ́bà bóyá ó ká, kẹ́ ẹ sì pariwo pe nọ́ọ̀sì. Ẹ tẹ bíréèkì wíìṣíà kó tó dìde o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé "màá dì í mú".