Owó ibodè: ohun tó ń dá ọmọ kajú dúró lẹ́nu ọ̀nà

Bí ẹ bá gba Òmù-Àrán tàbí Àjàṣẹ́-Ìpo kọjá lásìkò kajú, ẹ ó rí àpò kóró kajú tí wọ́n ń kó sọ́kọ̀, ó di èbúté Èkó. Tèèpo-tèèpo ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń lọ. Bí a bá béèrè ìdí tí a kò fi ń pa á nílé, ká yọ ọmọ inú rẹ̀, iná mànàmáná ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dárúkọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n owó ibodè náà wà níbẹ̀.

Láyé àtijọ́, oníbodè máa ń jókòó sẹ́nu odi ìlú, á gba tirẹ̀ lọ́wọ́ alájàpá kí ẹrù tó wọlé. Iṣẹ́ yẹn náà ni aṣọ́bodè ń ṣe lónìí: orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń dá iye tí yóò gbà lórí ọjà òkèèrè. Ẹni tó kó ọjà wọlé ló ń san án ní èbúté tirẹ̀, àmọ́ ó ti yọ ọ́ nínú iye tí yóò rà á lọ́wọ́ wa. Bó ṣe ń dé oko Ìgbómìnà nìyẹn.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé bí a bá ṣe ṣiṣẹ́ sí ọjà tó ni owó ibodè rẹ̀ sábà máa ń ga tó. Íńdíà wà lára àwọn tó ń ra kajú jù lágbàáyé. Ní 2018, wọ́n dín owó ibodè kóró kajú kù láti 5 sí 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 2019, wọ́n gbé ti ọmọ inú rẹ̀ láti 45 lọ sí 70. Ẹ jẹ́ ká fi náírà ṣírò rẹ̀: kóró 100,000 náírà yóò san 2,500, ọmọ kajú 100,000 náírà yóò san 70,000. Ta ni yóò ra èkejì? Àwọn obìnrin tó ń pa kajú ní Kollam, ní ìpínlẹ̀ Kerala, ni wọ́n ń fi dáàbò bò, mo sì mọ̀ pé àwọn náà ní ọmọ tí wọ́n ń bọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa ní Òró àti Ọ̀fà náà ń wá iṣẹ́.

Àdéhùn òwò ni kí ìlú jókòó, kí wọ́n ní: ẹ ṣíbodè fún wa, a ó ṣí fún yín. Ẹ wo kòkó. Kóró rẹ̀ kì í san nǹkan kan wọ Yúróòpù. Orí bọ́tà kòkó, ìyẹn ọ̀rá tí wọ́n ń fún nínú kóró yẹn, ni ọ̀rọ̀ wà: Gánà àti Ivory Coast ní àdéhùn pẹ̀lú Yúróòpù tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2016, tiwọn ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Nàìjíríà kò fọwọ́ sí irú rẹ̀, tiwa ń san 4.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀rù ń ba ìjọba pé ọjà Yúróòpù yóò ya wọlé, yóò sì ti ilé iṣẹ́ wa pa. Mi ò lè dá wọn lẹ́bi, àmọ́ ẹni tó ń lọ kòkó níbí ló ń ru ẹrù ìpinnu yẹn.

Owó ibodè nìkan kọ́ ni ìlẹ̀kùn. Ní 2015, Yúróòpù dá ẹ̀wà gbígbẹ wa padà, wọ́n sì fòfin dè é, torí oògùn kòkòrò dichlorvos tí wọ́n bá lára rẹ̀. Kò sí àdéhùn tó gba irú ẹ̀wà bẹ́ẹ̀ là.

Ẹni tó bá fẹ́ pa kajú ní Ìlọrin, Yúróòpù ni kí ó kọ́kọ́ wò. Ọmọ kajú kì í san owó ibodè níbẹ̀. Àyẹ̀wò ìmọ́tótó àti ti èbu tó ń hù lára oúnjẹ ni yóò kọ́kọ́ là kọjá.