Kí ló dé tí nọ́ńbà fi di orúkọ àdúgbò ní Belgrade?

Ìbéèrè: Ní Belgrade, olú ìlú Sẹ́bíà, ẹnìkan lè sọ pé inú "krug dvojke" ni òun ń gbé, ìyẹn "òbìrìkìtì nọ́ńbà méjì", kí ẹlòmíràn sì ní Blok 45 ni ilé òun wà. Kí ni ìtumọ̀ àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí?

Ìdáhùn: Ọkọ̀ ni nọ́ńbà méjì yẹn. Yíyí ni tíráàmù 2, ọkọ̀ ojú irin tó ń gba ojú títì, ń yí àárín ìlú àtijọ́ po: ó ń gba ẹ̀gbẹ́ odi Kalemegdan, níbi tí odò Sava ti ń wọnú odò Danube, ó ń tọ etí odò Sava lọ, ó ń gba títì Nemanjina gòkè dé oríta Slavija, ó sì ń kọjá ní Vukov Spomenik kí ó tó gba àdúgbò Dorćol padà síbi tí ó ti gbéra. Ilẹ̀ tí irin ọkọ̀ yìí yí ká ni wọ́n ń pè ní krug dvojke. Ọ̀rọ̀ náà ti wá ju ti ọkọ̀ lọ báyìí, nítorí pé bí wọ́n bá sọ pé ojú ẹnìkan kò kọjá òbìrìkìtì náà, ohun tí wọ́n ń wí ni pé kò mọ bí àwọn mẹ̀kúnnù tó ń gbé níta rẹ̀ ṣe ń jẹ, tí wọ́n ń mu.

Ìbéèrè: Blok 45 ńkọ́?

Ìdáhùn: Òdìkejì odò Sava ni ìyẹn wà, ní Novi Beograd, ìyẹn Belgrade Tuntun, ìtàn ibẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá. Títí di ọdún 1918, odò yìí ni ààlà: Belgrade wà ní bèbè kan, ìlú Zemun tí ó wà lábẹ́ ìjọba Ọ́síríà àti Hungary wà ní ìhà kejì, àbàtà ni ó sì pọ̀ jù láàárín wọn. Ọdún 1948 ni àwọn ọ̀dọ́ tí ìjọba Yugoslavia kó jọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi iyanrìn dí àbàtà náà. Nítorí pé kò sí òpópónà àtijọ́ tí wọn ìbá máa fi pe ibẹ̀, ńṣe ni àwọn tó ya àwòrán ìlú fi títì gbòòrò pín ilẹ̀ náà sí búlọ́ọ̀kù, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ètò nọ́ńbà náà lè da àlejò láàmú, nítorí pé Blok 44 ni ó wà láàárín Blok 45 àti Blok 70. Ní Blok 45 fúnra rẹ̀, àwọn ilé gíga dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì Jurija Gagarina tí tíráàmù ń gbà, àwọn ilé kéékèèké sì wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá odò, láàárín igi.

Ìbéèrè: Mo gbọ́ pé lílọ láti bèbè Sava kan sí èkejì nira. Kí ló dé?

Ìdáhùn: Ohun tó jẹ́ ààlà fún ọ̀pọ̀ ọdún kì í yára di ọ̀nà. Ọdún 1956 ni wọ́n ṣí afárá Brankov, lórí òpó afárá tí ogun bàjẹ́ ní 1941. Gazela tẹ̀ lé e ní 1970, afárá Ada sì dé ní 2012. Ìlú tí èrò rẹ̀ ju mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ lọ kò tíì ní ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tirẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025, ọ̀fẹ́ ni wíwọ bọ́ọ̀sì àti tíráàmù. Inú mi dùn sí i fún àwọn tí owó ọkọ̀ ń ni lára, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ kò lè mú afárá fẹ̀ sí i.

Ọkọ̀ ojú irin BG Voz, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2010, ni mo gbà pé ó sún mọ́ ojútùú jù lọ, nítorí pé afárá tirẹ̀ ni ó ń gbà, kò sì sí mọ́tò tí yóò dí i lọ́nà. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ní Zemun yóò la Novi Beograd kọjá, yóò sọdá odò, yóò sì sọ̀ ní Vukov Spomenik, ibùdókọ̀ abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ṣí ní 1995. Àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra rẹ̀ ni yóò gbé e gòkè láti ìsàlẹ̀ jíjìn yẹn, títí yóò fi jáde sójú títì tí tíráàmù 2 ń gbà kọjá.