Orúkọ Tó Wà Lórí Àtẹ̀jíṣẹ́ Kì Í Ṣe Ẹ̀rí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé dá àwọn oníspam lóhùn, àwọn tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ àti ímeèlì tí ẹnikẹ́ni ò béèrè ránṣẹ́. Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, síbẹ̀ oníbàárà á gbé fóònù wá, màá sì bá èsì tó kọ sí wọn níbẹ̀: "Ẹ yọ nọ́ńbà mi kúrò o!" Òmíràn á gbé wọn ṣépè, ìlà mẹ́ta, ìlà mẹ́rin. Kò sí ẹni tó ń ka èpè yẹn. Ẹ̀rọ ló ń gba èsì yín, ohun kan ṣoṣo ló sì ń wá níbẹ̀: pé èèyàn wà nídìí nọ́ńbà yìí, ó sì ń ka àtẹ̀jíṣẹ́. Láti ìgbà náà lọ, nọ́ńbà yín ti kúrò lára èyí tí wọ́n ń méfò, ó ti di èyí tí wọ́n ń tà fún ara wọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ímeèlì. Àwòrán tín-ín-tín kan tí ojú ò lè rí máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí fóònù yín bá ti lọ gbé àwòrán náà wá, sẹ́fà wọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, ti mọ̀ pé ẹ ṣí lẹ́tà, ó sì mọ aago tí ẹ ṣí i. Ẹ ṣètò ímeèlì yín kó máa gbàṣẹ lọ́wọ́ yín kó tó gbé àwòrán jáde. Ẹ máa tẹ "report spam" dípò kí ẹ kàn pa á rẹ́, torí ẹ̀yin lẹ ń kọ́ asẹ́ tó ń dá wọn dúró. Ilé iṣẹ́ tí ẹ fọwọ́ ara yín forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ lè tẹ "unsubscribe" (ẹ yọ orúkọ mi kúrò) níbẹ̀. Ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí, ẹ má tẹ nǹkan kan.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn gan-an ni ọ̀rọ̀ orúkọ. Ìlànà tí ímeèlì fi ń rìn láti sẹ́fà kan dé òmíràn, SMTP, tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní 1982, kò béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ̀wé. Bí àpòòwé ló rí: orúkọ tó bá wu èèyàn ló lè kọ sẹ́yìn rẹ̀, ilé ìfìwéránṣẹ́ á ṣì gbé e lọ. Ìkìlọ̀ sì ti wà nílẹ̀ nígbà náà. Ní 1978 ni Gary Thuerk, tó ń polówó kọ̀ǹpútà Digital Equipment Corporation, ti fi ìpolówó kan náà ránṣẹ́ sí nǹkan bí 400 èèyàn lórí ARPANET, ìsokọ́ra kọ̀ǹpútà tó ṣáájú íntánẹ́ẹ̀tì, láìjẹ́ pé wọ́n béèrè.

Àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ dídá spam dúró ò káwọ́ gbera. Àyẹ̀wò mẹ́ta ló wà nílẹ̀. SPF ń sọ àwọn sẹ́fà tó láṣẹ láti kọ̀wé lórúkọ àdírẹ́sì kan. DKIM ń lu òǹtẹ̀ lẹ́tà kí ẹnikẹ́ni má bàa yí i padà lọ́nà láìjẹ́ pé àṣírí tú. DMARC, tó jáde ní 2012, ń sọ ohun tí a ó ṣe sí èyí tí kò yege. Bill Gates, ọ̀gá Microsoft nígbà náà, sọ níbi ìpàdé ọrọ̀ ajé àgbáyé ní Davos ní 2004 pé ọ̀rọ̀ spam á ti parí láàárín ọdún méjì. Kò parí. Oṣù Kejì ọdún 2024 ni Google ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ di dandan pé ẹni tó bá ń fi ímeèlì 5,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí Gmail lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iṣẹ́ takuntakun ni, mo sì ń fi í yangàn: àìmọye lẹ́tà jìbìtì ni à ń lé padà lójoojúmọ́ tí ẹ ò ní rí láé.

Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sọ pé olóòótọ́ lẹni tó kọ̀wé. Ohun tó ń sọ ni pé àdírẹ́sì tó wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni lẹ́tà ti wá lóòótọ́. Oníjìbìtì lè ra àdírẹ́sì tirẹ̀, kó tò ó bó ṣe yẹ, kó sì yege. Ìdí nìyí tí mo fi ń ní kí ẹ ka àdírẹ́sì láti apá ọ̀tún. Ẹ wo bankiyin.com.example.net. Bankiyin.com ni ojú á kọ́kọ́ rí, ọkàn á sì balẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ni example.net ló ni ín. Ohun tó wù ú ló kọ sápá òsì. Nínú línkì, ẹ wá ìlà dídagun (/) tó kọ́kọ́ dá dúró lẹ́yìn orúkọ, kí ẹ wá máa kà á bọ̀ sẹ́yìn láti ibẹ̀. Lórí fóònù, ẹ fìka tẹ orúkọ ẹni tó kọ̀wé, àdírẹ́sì tó fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ á jáde.

Àtẹ̀jíṣẹ́ tún wá burú jù, torí kò sí àdírẹ́sì tí ẹ fẹ́ kà. Ẹni tó bá ń fi kọ̀ǹpútà rán an lè fi orúkọ rọ́pò nọ́ńbà, bí kò bá ti ju lẹ́tà 11 lọ, ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kò sì sí ẹni tó ń bi í bóyá òun ló ni orúkọ náà. Fóònù yín náà ò mọ̀. Orúkọ ló fi ń tò wọ́n jọ. Bí oníjìbìtì bá ti kọ orúkọ báńkì yín gẹ́lẹ́ bó ṣe rí, abẹ́ ojúlówó ni ayédèrú máa bọ́ sí. Mo rí i lórí fóònù oníbàárà mi kan: lókè, kóòdù tí báńkì fi ránṣẹ́, lábẹ́ rẹ̀, iye tó kù nínú àkáǹtì, lábẹ́ ìyẹn, "A ti ti àkáǹtì yín pa, ẹ pe nọ́ńbà yìí." Orúkọ kan náà, ojú ewé kan náà. Ní Singapore, láti oṣù Kìíní ọdún 2023, orúkọ tí wọn ò bá fi sílẹ̀ nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀, "Likely-SCAM" (ó jọ jìbìtì) ló máa ń hàn dípò rẹ̀. Ó yẹ kí gbogbo orílẹ̀-èdè ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó sì ń ta áàpù tó ní òun ń pa spam, tó ní kí ẹ jẹ́ kí òun máa ka gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ yín, inú wọn ló ń bí mi jù. Ṣé ẹ mọ̀ pé kóòdù báńkì yín wà lára ohun tí ẹ yọ̀ǹda fún un? Asẹ́ tó wà nínú fóònù yín tó yín, ẹ tàn án. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń fi "rán an sí èèyàn mẹ́wàá kí aburú má bàa ṣẹlẹ̀" ṣọwọ́ sí mọ̀lẹ́bí, kò sí aburú kankan níbẹ̀. Ẹ ti ń bá oníspam ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ni.

Ìyá tó ni fóònù tí mo sọ yẹn, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Wọ́n pe nọ́ńbà náà. Ọkùnrin kan fohùn pẹ̀lẹ́ dáhùn, ó ní, "Màmá, ẹ má fòyà, kóòdù kan ń bọ̀, ẹ kà á fún mi kí a lè ṣí àkáǹtì yín." Kóòdù wọlé lóòótọ́, láti ọ̀dọ̀ báńkì gan-an, torí ọkùnrin náà ń gbìyànjú àtiwọ àkáǹtì wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ni. Inú àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà ni báńkì ti kọ ọ́ pé kí wọ́n má sọ kóòdù fún ẹnikẹ́ni. Màmá kà á fún un. Owó lọ.

Kò pẹ́ tí ẹlòmíràn fi kọ̀wé sí wọn pé akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ lòun, òun á bá wọn gba owó náà padà, kí wọ́n kọ́kọ́ sanwó iṣẹ́. Wọ́n san. Ó tún ní kí wọ́n san owó àṣẹ. Wọ́n san. Ìgbà tó béèrè ẹ̀ẹ̀kẹta ni wọ́n tó gbé fóònù tọ̀ mí wá. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi gbà á gbọ́, wọ́n ní ó mọ iye tó lọ gan-an. Yóò ṣe mọ̀ ọ́n! Àwọn oníjìbìtì ń ta orúkọ ẹni tí wọ́n ti lù fún ara wọn. Nígbà míì, àwọn tó kọ́kọ́ jalè náà ló ń padà wá.

Ẹni tó bá ní òun á gba owó yín padà, tó ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó, olè ni. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì yín ni kí ẹ fi pe báńkì lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n ti àkáǹtì pa, kí ẹ tó gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Ìgbà tí owó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni báńkì lè rí i dá dúró lọ́nà, Màmá sì ti lo odindi ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ ẹni tó ní òun ń bá wọn gbà á bọ̀.