Ọ̀nà èémí àtọwọ́dá

Ọ̀nà èémí àtọwọ́dá ni èyí tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń fi sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di ara, ṣe láti rọ́pò ọ̀nà èémí tó bàjẹ́, páìpù tó ń gbé afẹ́fẹ́ láti ọ̀fun lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ìdánwò ṣì ni.

Bí ó ṣe rí

Ọ̀nà èémí àgbàlagbà gùn tó sẹ̀ńtímítà 10 sí 12. Ẹni tó bá ti dúró ti alápatà ní Láfẹ́nwá, l'Ábẹ́òkúta, nígbà tó ń la ọ̀fun màlúù, ti rí irú rẹ̀: òrùka egungun rírọ̀ tó tò léra wọn, tí ẹ̀yìn wọn ò pàdé. Òrùka 16 sí 20 ló wà nínú ti èèyàn. Àwọn ni kì í jẹ́ kó pa dé bí a bá mí sínú. Ẹ̀yìn tí kò pàdé ló ń yẹ̀ fún òkèlè láfún tó bá ń sọ̀kalẹ̀.

Ìbàjẹ́ rẹ̀

Jẹjẹrẹ àti ìjàǹbá lè bà á jẹ́. Rọ́bà tó pẹ́ lọ́fun ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ mímí náà lè dá àpá síbẹ̀. Bí ibi tó bàjẹ́ kò bá tó ìdajì, oníṣẹ́ abẹ lè gé e kúrò, kó sì rán ojú méjèèjì pọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀

Páìpù lásán ló jọ, ṣùgbọ́n ibi tó le wà níhìn-ín. Kíndìnrín tí wọ́n bá fẹ́ gbé fún aláìsàn ní iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tí wọ́n lè rán mọ́ tirẹ̀. Ọ̀nà èémí kò ní. Iṣan tín-ín-rín bí òwú ló ń bọ́ ọ láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì. Sẹ́ẹ̀lì tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ yóò kú, bó ti wù kí wọ́n gbìn ín dáadáa tó. Atẹ́gùn tó ń gba ibẹ̀ kọjá sì ń kó kòkòrò àrùn wọlé.

Àwọn ìgbìyànjú

Ní 2008, ní Barcelona, oníṣẹ́ abẹ Paolo Macchiarini àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fọ sẹ́ẹ̀lì kúrò lára ọ̀nà èémí òkú, wọ́n gbin sẹ́ẹ̀lì aláìsàn sí i, wọ́n sì fi dípò ẹ̀ka tó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró òsì obìnrin kan. Ní 2011, ní Stockholm, ike ló lò dípò ti òkú. Aláìsàn mẹ́ta ló ṣe é fún níbẹ̀. Gbogbo wọn ló kú. Ní 2023, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Swídìn rán Macchiarini lẹ́wọ̀n ọdún méjì àti ààbọ̀ nítorí àwọn iṣẹ́ abẹ ti Stockholm yìí, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet sì fagi lé àpilẹ̀kọ tí wọ́n kọ síbẹ̀ nípa iṣẹ́ 2008 náà lọ́dún kan náà.

Àwọn mìíràn gba ọ̀nà tó yàtọ̀. Ní Faransé, oníṣẹ́ abẹ Emmanuel Martinod ń lo iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá òkú tí wọ́n mú dì bíi yìnyín dípò ọ̀nà èémí. Ní January 2021, ní New York, oníṣẹ́ abẹ Eric Genden gbé odidi ọ̀nà èémí olóògbé kan fún aláìsàn, pẹ̀lú ẹran tó yí i ká, kí àwọn iṣan tín-ín-rín yẹn má bàa já. Kò sí sẹ́ẹ̀lì gbíngbìn nínú tirẹ̀. Ní Seoul, ní 2023, wọ́n lo ọ̀nà èémí tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D, èyí tó ń tẹ odidi nǹkan dípò ìwé, tẹ̀ jáde pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn.