Ibi tí Busó ti ṣẹ̀: ìtàn ìlú Mohács létí odò Danube

Busó ni wọ́n ń pe àwọn tó ń dé ìbòjú onígi jáde lọ́dọọdún ní Mohács, ìlú kan ní Húńgárì, láti lé ìgbà òtútù lọ; orúkọ yẹn náà ni wọ́n ń pe àríyá wọn. Bí ẹ bá bi àwọn ará Mohács léèrè ibi tí Busó ti ṣẹ̀, ìtàn àwọn ará Tọ́kì ni wọ́n á kọ́kọ́ sọ. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ottoman, ìyẹn ìjọba àwọn ará Tọ́kì, gba ìlú náà, àwọn ará ìlú sọdá odò Danube, wọ́n lọ fara pamọ́ sínú irà ní erékùṣù tó wà lódìkejì. Lálẹ́ ọjọ́ kan, bí wọ́n ṣe jókòó yí iná ká, bàbá arúgbó kan tó jẹ́ Šokac, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà tó ń gbé Mohács, yọ sí wọn. Ó ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé wọ́n á padà sílé. Kí wọ́n máa gbẹ́ ìbòjú tó ń dẹ́rù bani, kí wọ́n to ohun ìjà sílẹ̀, kí wọ́n sì dúró de òru ìjì tí jagunjagun kan tó bojú yóò gun ẹṣin wá bá wọn. Bàbá náà sì pòórá. Nígbà tó yá, òru ìjì dé, jagunjagun dé. Wọ́n dé ìbòjú, wọ́n tukọ̀ kọjá odò tariwo-tariwo. Àwọn ọmọ ogun Tọ́kì rò pé ànjọ̀nú ló ya wọ̀lú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ìtàn yìí dùn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, àmọ́ ọdún inú rẹ̀ kò bára mu. Àwọn Šokac tí wọ́n ní wọ́n fi ìbòjú lé ará Tọ́kì, ẹ̀yìn tí ará Tọ́kì ti lọ tán ni púpọ̀ nínú wọn tó dé Mohács.

Ogun ló kọ́kọ́ sọ ìlú náà di ahoro. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1526, Súltáànù Suleiman kó ogun dé pápá tó wà ní gúúsù ìlú. Ọba Lajos Kejì ti Húńgárì, ọmọ ogún ọdún péré, kó nǹkan bí 25,000 ọmọ ogun jáde lọ pàdé rẹ̀. Láàárín nǹkan bí wákàtí méjì, ó ti parí. Pál Tomori, bíṣọ́ọ̀bù àgbà tí wọ́n fi ṣe balógun, kú sójú ogun, bíṣọ́ọ̀bù bíi mélòó kan sì kú pẹ̀lú rẹ̀. Ọba fúnra rẹ̀ ń sá lọ nígbà tí òun àti ẹṣin rẹ̀ ṣubú sínú odò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Csele. Omi ti kún, ìhámọ́ra irin wúwo lára rẹ̀, ó rì síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Húńgárì pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, apá tó pọ̀ níbẹ̀ sì bọ́ sábẹ́ Ottoman fún nǹkan bí àádọ́jọ ọdún. Títí dòní, bí àwo bá fọ́ mọ́ ará Húńgárì lọ́wọ́, tàbí tí owó rẹ̀ sọnù, ẹni tó ń tù ú nínú á ní: “Èyí tó sọnù ní Mohács jù ú lọ.” Ọdún 1960 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí díẹ̀ nínú ibojì tí wọ́n kó òkú àwọn ọmọ ogun náà dà sí, ní Sátorhely. Ní 1976, wọ́n ṣí ọgbà ìrántí síbẹ̀.

Ogun mìíràn ló lé àwọn ará Tọ́kì lọ, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1687. Ogun Mohács Kejì ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ abúlé Nagyharsány ni wọ́n ti jà á gan-an. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ilẹ̀ ọlọ́ràá wà, odò ńlá tí ọkọ̀ lè gbà wà, ènìyàn tí yóò gbé ibẹ̀ ni kò pọ̀. Báyìí ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dé lọ́tùn-ún lósì. Láti Bosnia ni àwọn Šokac ti wá. Èdè wọn jẹ mọ́ ti Croatia, Kátólíìkì ni wọ́n, àwọn àlùfáà Franciscan sì wà pẹ̀lú wọn. Àwọn ará Serbia dé pẹ̀lú ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì tiwọn. Ní ọ̀rúndún 18, àwọn ará Jámánì tọ odò Danube wá nínú ọkọ̀. Àwọn ará Húńgárì wà níbẹ̀, àwọn kan jẹ́ Kátólíìkì, àwọn mìíràn jẹ́ Pùròtẹ́sítáǹtì, ọmọlẹ́yìn Calvin. Lẹ́yìn wọn ni àwọn Júù dé, wọ́n ń ṣòwò. Ẹ fojú inú wo ọjà irú ìlú bẹ́ẹ̀: ẹni tó fẹ́ ta ẹja ní láti gbọ́ èdè bíi mẹ́ta.

Ẹrù tí àwọn Šokac gbé wá ni Busó jẹ́. Orúkọ tí wọ́n ń pe àkókò náà lédè tiwọn ni Poklade, ìyẹn àwọn ọjọ́ àríyá tó ṣáájú Ààwẹ̀ Lẹ́ǹtì. Òpin ọ̀rúndún 18 ni orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú ìwé. Ohun tó jẹ́ kó dá mi lójú pé kì í ṣe ará Tọ́kì ló bí i ni pé ó ní ẹbí káàkiri. Ní ìlú Ptuj ní Slovenia, àwọn kurent ń wọ awọ àgùntàn, wọ́n so agogo mọ́ ìbàdí, wọ́n ń lé òtútù jáde. Àwọn zvončari ń ṣe irú rẹ̀ ní Croatia, àwọn kukeri ń ṣe é ní Bulgaria. Àgbẹ̀ àti darandaran ló ni gbogbo rẹ̀: ìgbà òtútù ti pẹ́ jù, oúnjẹ inú àká ń tán lọ, ẹ jẹ́ ká pariwo kí oòrùn lè padà.

Igi willow tó ń hù létí odò ni wọ́n fi ń gbẹ́ ìbòjú náà, nítorí ó rọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ, ó sì máa ń fúyẹ́ tó bá gbẹ. Wọ́n á gbẹ́ inú rẹ̀ kó lè bá ojú mu, wọ́n á lu ihò ojú àti ẹnu, wọ́n á fi ìwo sí i lórí. Ẹ̀jẹ̀ ẹran ni wọ́n fi ń kùn ún láyé àtijọ́, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n dúdú. Awọ àgùntàn onírun á bo ẹ̀yìn orí títí dé ọrùn. Ẹni tó bá dé e á wọ ẹ̀wù awọ tí wọ́n yí irun rẹ̀ síta, pẹ̀lú ṣòkòtò funfun gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n rọ koríko gbígbẹ kún inú rẹ̀, àti ìbọ̀sẹ̀ aláràbarà tí àwọn obìnrin hun. Agogo màlúù á wà nídìí rẹ̀, ohun onígi kan tí wọ́n ń fì kiri á máa ró kẹrẹkẹrẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má pè é ní eégún o. Kò sí ẹni tó ní ará ọ̀run ló dé, àwọn aládùúgbò sì mọ ẹni tó wà lábẹ́ ìbòjú kọ̀ọ̀kan dáadáa, kódà bí wọ́n bá ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.

Ọjọ́ mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀ ń gbà, láti Ọjọ́bọ̀ títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú Ọjọ́rú Eérú. Ọjọ́ Ìsinmi ló ń gbóná jù: àwọn Busó á tukọ̀ láti erékùṣù wá sí ìlú, wọ́n á péjọ sí gbàgede Kóló ní àdúgbò àwọn Šokac, kí wọ́n tó wọ́ lọ sí àárín ìgboro. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n á dáná ńlá, wọ́n á sun pósí tí wọ́n ní ìgbà òtútù wà nínú rẹ̀, wọ́n á sì jó yí iná náà ká.

Báwo wá ni nǹkan àdúgbò kan ṣe di ti gbogbo ìlú? Kò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ní 1857, ọkọ̀ ojú irin dé láti ìlú Pécs, ó ń kó èédú wá sí èbúté, àwọn òṣìṣẹ́ tuntun sì ń bá a dé. Ọ̀rúndún 20 ló wá kó ìyọnu bá wọn. Ọmọ ogun Serbia gba ìlú náà láti 1918 títí di 1921. Nígbà tí wọ́n fa ààlà tuntun sí tòsí, ọ̀pọ̀ ará Serbia kó lọ sí òdìkejì. Ní 1944, wọ́n kó àwọn Júù lọ sí Auschwitz, àgọ́ tí àwọn Násì ti ń pa ènìyàn. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ìjọba Húńgárì lé ọ̀pọ̀ àwọn ará Jámánì lọ, wọ́n sì fi ẹlòmíràn sínú ilé wọn. Àwọn tó ṣẹ́ kù àti àwọn àjèjì tuntun ní láti rí nǹkan kan tí wọ́n lè jọ pè ní tiwọn. Èrò tèmi ni pé ibí yìí ni ìtàn àwọn ará Tọ́kì ti wúlò. Ẹni tó dé lánàá kò lè sọ pé òun jẹ́ Šokac, àmọ́ gbogbo ọmọ Húńgárì ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1526. Nínú ìtàn náà, Mohács kan náà tó pàdánù ogun ló wá borí.

Ní 2009, UNESCO kọ orúkọ Busó sínú ìwé àwọn àṣà àjogúnbá aráyé tí kò ṣeé fọwọ́ kàn, òun sì ni àkọ́kọ́ láti Húńgárì. Nígbà náà, àwọn Busó tó ń jáde lé ní 500. Oríṣiríṣi ẹ̀yà ló wà nínú wọn, wọ́n pín ara wọn sí ẹgbẹ́-ẹgbẹ́, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ìbòjú. Àwọn Jankele náà ń bá wọn jáde: àkísà ni wọ́n fi bojú tiwọn, iṣẹ́ wọn sì ni láti máa lé àwọn ọmọdé tó ń yọ Busó lẹ́nu. Ìyẹ̀fun tàbí eérú ló máa ń wà nínú àpò tí wọ́n fi ń gbá ènìyàn, nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ lọ wòran, kó fi aṣọ dúdú tuntun sílé.